Bàbá Alámì Ra Táyà

Táyà ọkọ̀ Bàbá Alámì ti dán débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀. Èyí tó wà níwájú lápá ọ̀tún ti ń yọ wáyà, èyí tó wà lẹ́yìn sì ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Fọgánáísà tó wà ní ìkóríta wọn ti sọ ọ́ títí ó fi sú u. Nígbà tó yá, bó bá ti rí ọkọ̀ náà lọ́ọ̀ọ́kán, ńṣe ló ń gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ kúrò létí títì. Àjèjì ni fọgánáísà yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ sọ pé táyà náà ti tán, ó wá sọ pé ó ti tàn. Bàbá Alámì dá ọkọ̀ dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó tán àti ohun tó tàn, ó ní kó máa tún un pè títí tó fi pè é dáadáa, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà. Orí táyà tó ti tán náà ló sì gùn lọ sílé.

Ẹ má bá a wí jù, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Orí rádíò ló ti ń jẹun. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ àná, á jókòó ti máíkì, á sì máa fa ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ya kí gbogbo ayé lè gbọ́. "Fi Àmì sí I" ni orúkọ ètò náà. Bí olóṣèlú bá ṣi ọ̀rọ̀ pè lórí pèpéle, á mú un. Bí oníwàásù bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó ti gbé e wálẹ̀, ó dáràn. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ètò yìí, torí ó dùn ún gbọ́ títí di ọjọ́ tó bá kan ẹni. Àwọn ló sọ ọ́ ní Bàbá Alámì, òun náà sì gbà á bí ẹni gba oyè. Kò mọ̀ pé bí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀, orúkọ náà ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí kálukú pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ti rí ọgbọ́n dá sí i. Aṣọ ilé-ìwé ni obìnrin náà ń rán ní yàrá iwájú, píìnì sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Orí ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, orí náà ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, bó bá sì fẹ́ béèrè nǹkan, á fi àgbọ̀n nà án. Ẹni tó bá fi orí sọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ bá a fi àmì sí i? Bàbá Alámì rò pé àlàáfíà ló wà nínú ilé òun.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Nígbà tó mú ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ wá sílé, oníṣẹ́ iná ni, ó mọṣẹ́, ó sì níwà, ṣùgbọ́n èdè mìíràn ló fi dàgbà. Ó ti ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo dánra wò láti ọjọ́ pípẹ́: mo fẹ́ ọmọ yín. Nígbà tó wá dojú ẹ̀, tí gbogbo ẹbí jókòó, òógùn bò ó, ohùn já a jù sílẹ̀, ó ní, "Mo fẹ̀ ọmọ yín." Bàbá Alámì bi í pé kí ló fẹ̀, ẹnu ni àbí ìdí? Àwọn ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ jáde. Ọkùnrin náà dúpẹ́ fún oúnjẹ tí kò jẹ tán, ó dìde, ó sì lọ. Nínú gbogbo ẹ̀rín yẹn, kò sí ẹni tó rántí dá a lóhùn.

Ọmọbìnrin náà gbé àpò rẹ̀, ó tẹ̀lé e. Wọ́n fẹ́ ara wọn ní kọ́ọ̀tù ní ìlú mìíràn, láti ìgbà náà fóònù ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀, Bàbá Alámì á sún mọ́ ibẹ̀, á ṣí ìwé ìròyìn, á máa ka ojú ewé kan náà títí wọ́n á fi parí. Àárò ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ṣe ohun tó burú, ohùn tó wọ́ ni òun tọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí ni fóònù dún. Ọmọbìnrin náà ti bímọ. Ó ní kí Màámi máa bọ̀ ní Sátidé, bí Bàbá bá sì fẹ́ wá, kí wọ́n wá. Nígbà tí ìyàwó Bàbá Alámì gbé fóònù sílẹ̀, ó yọ gbogbo píìnì ẹnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì ìránṣọ. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

"Ọmọ yẹn ti ṣílẹ̀kùn díẹ̀ fún yín," ó ní. "Bẹ́ ò bá débẹ̀ ní Sátidé, mi ò mọ̀ bóyá ó tún máa ṣí i. Ọkọ̀ yẹn ò sì ní gbé mi lórí táyà yẹn. Ẹ lọ ra òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi á wọ bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin á sì máa wo ọmọ-ọmọ yín nínú fóònù."

Bàbá Alámì kò rí nǹkan kan fà yọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde lọ wá táyà.

Ibi tó kọ́kọ́ lọ, ilé onígíláàsì ni, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, táyà wà lórí pẹpẹ bí ìwé ilé-ìkàwé. Akọ̀wé ibẹ̀ dárúkọ iye kan. Bàbá Alámì bi í bóyá ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Ibi kejì, tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tà. Wọ́n kó wọn jọ gègèrè bí ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹni tó ń tà á sì búra pé ìyá arúgbó kan lókè òkun ló fi wọ́n rìn, pé ilé ìjọsìn nìkan ló ń gbé wọn lọ, wọn kò tẹ kòtò rí. Bàbá Alámì gbé ọ̀kan yẹ̀ wò, ó rí ojú ibi tí ìṣó ti wọlé, ó rí ojú ibi tó ti jáde, ó ní ìyá arúgbó yìí yóò ti máa gba àárín ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ jọ́sìn. Ó gbé táyà náà sílẹ̀.

Ó ń padà bọ̀ ló rí pátákó Ìyá Onítáyà. Pátákó dúdú ni, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: TAYA TUNTUN, OWO POOKU. Kò sí àmì kankan lókè, kò sí ẹyọ kan nísàlẹ̀. Inú Bàbá Alámì dùn bí ẹni tó rí owó he.

Ìyá Onítáyà jókòó sórí táyà tírélà kan, awò ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Opó ni, ọkọ rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Àwọn táyà tó tò síwájú ń dán dúdú bí bàtà ọmọ ilé-ìwé lọ́jọ́ ìwọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tuntun. Túntún ni wọ́n ń pè wọ́n nídìí iṣẹ́ náà. Táyà tó ti gbó ni. Wọ́n á họ ara rẹ̀ dànù, wọ́n á lẹ ara mìíràn mọ́ ọn, wọ́n á fi ooru mú un gan. Bí ìyẹn náà bá jẹ tán, wọ́n á tún un tún. Ohun tó ń jẹ́ túntún nìyẹn, a tún un, a sì tún tún un. Kò sí ohun tó ṣe é fún ẹni tí kò ju kó tilé lọ sọ́jà, tó rọra ń wakọ̀. Gbogbo awakọ̀ àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá Onítáyà náà kì í sì í fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n tó kí ara wọn tán, Bàbá Alámì ti gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àmì sí táyà, ó fi sí owó, ó fi àmì sókè sódò fún pọ́ọ́kú títí tí pátákó fi rí bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Nígbà tó kan tuntun, ó sún sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tọ̀nà lára pátákó náà nìyí, torí ohùn àárín ni, ohùn àárín kì í sì í gba àmì.

"Túntún ni, sà," Ìyá Onítáyà wí.

"Tuntun."

"Rárá, sà. Túntún. Èyí tí a bá ti tún..."

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi, iṣẹ́ mi ni. Bí ẹ bá ti gbé ohùn sókè báyẹn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ tẹ́tí sí mi: tuntun. Ó yá, ẹ pè é."

Ìyá Onítáyà gbé awò sójú, ó wò ó. Ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó wo àwọn bírò tó tò sí àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ti pẹ́ nídìí táyà, ó sì ti rí oríṣiríṣi oníbàárà. Ó ti rí èyí tó fẹ́ kí wọ́n bẹ òun, ó ti rí èyí tó fẹ́ ká jọ bú ara wa kó tó sanwó, ó sì ti rí ọ̀pọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n parọ́ fún òun kí òun lè rí oorun sùn. Èyí tó ń kọ́ni bí irọ́ náà ṣe máa ń dún ni kò tíì rí. Ọjà kò sì tà lọ́jọ́ náà.

"Tuntun, sà," ó ní.

"Ẹ ṣeun. Ó mọ́ kedere."

Ìgbà tó dárúkọ iye rẹ̀ ni ojú Bàbá Alámì là. Iye tó ń gba fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó owó ẹyọ kan ní ilé onígíláàsì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tí kò mọ ohùn kò lè mọ iye ọjà, pé obìnrin yìí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun, ó sì sáré sanwó kí orí rẹ̀ tó padà wálé. Ẹ gbọ́ o, lọ́kàn rẹ̀, opó ló ń rẹ́ jẹ. Kò sì dà á láàmú. Ó tilẹ̀ fi àwọn táyà rẹ̀ àtijọ́ kún un, ó fi táyà sípíà inú búùtù lé e, kí owó náà lè tún wálẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dè wọ́n mọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, Ìyá Onítáyà kìlọ̀ fún un pé kó má sáré, kó má sì gbé e rìn jìnnà nínú oòrùn. Bàbá Alámì kò gbọ́ àṣìṣe kankan nínú ohùn rẹ̀, nítorí náà kò fetí sí i.

Sátidé pé. Ìyàwó rẹ̀ gbé àpò aṣọ ọmọ tó ti fi ọ̀sẹ̀ náà rán jáde. Kó tó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ ti táyà, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó béèrè pé kí ló dé tó ń rùn bíi gọ́ọ̀mù. Ọkọ rẹ̀ ní bí ohun tuntun ṣe ń rùn nìyẹn. Obìnrin náà fi orí sọ pé òun gbọ́.

Wọ́n gbéra. Ojú títì gùn, kò sí igi, oòrùn sì mú bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Láìpẹ́, ariwo kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, pà, pà, pà, bí ìgbà tí ọmọdé bá wọ sálúbàtà bàbá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. Bàbá Alámì ní ọ̀nà ni. Ó tún wá tẹná mọ́ ọkọ̀, torí ara rẹ̀ ti wà lọ́nà, ọkàn rẹ̀ ti débẹ̀; lọ́kàn rẹ̀, ó ti gbé ọmọ náà lọ́wọ́ tipẹ́, ó sì ti ń ro ohun tí òun máa kọ́kọ́ sọ fún ìyá ọmọ. Ó ti tún gbólóhùn náà ṣe títí, kò sí ibi tí ènìyàn lè gbá mú nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ara tí wọ́n lẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn ti bó. Ó bó bí èèpo ọsàn, ó na abẹ́ ọkọ̀ lẹ́gba, ó sì fò sójú títì. Ohun tó kù bẹ́ gbàmù. Ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, Bàbá Alámì di sítíárìn mú bí ẹni di òbúkọ mú níwo, ó sì kígbe kan tí ẹnikẹ́ni kò lè fi àmì sí. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, inú koríko ni wọ́n wà, ojú ọkọ̀ kọ síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Kò sí ohun tó ṣe ẹnì kankan. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí àpò aṣọ ọmọ, ó sì pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù láti sọ ibi tí wọ́n wà.

Bàbá Alámì lọ wo táyà náà. Abẹ́ ibi tó bó yẹn ni táyà gidi ti yọjú, ó ti gbó, ó ti sán, ó dàgbà ju èyí tó fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó ṣí búùtù. Ojú ibi tí sípíà máa ń wà ṣófo, ó ṣe roboto, ó ń wò ó.

Inú bí i, ó fa rìsíìtì táyà yọ lápò, ó tẹ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Onítáyà gbé fóònù, ìyàwó rẹ̀ ní kó tan ohùn rẹ̀ síta kí òun náà gbọ́. Bàbá Alámì pè é ní olè, ó pè é ní apààyàn, ó ní òun á gbé e sórí rádíò kí gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni farapa. Ìgbà tó gbọ́ pé rárá ló tó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, mo ní túntún ni," ó ní. "Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ẹ̀yin lẹ ní n má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo rò pé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rà, pé ẹ kàn fẹ́ kí orúkọ ẹ̀ dùn létí ni. Àwọn oníbàárà mi kan máa ń fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Alámì wá àṣìṣe títí nínú ohun tí obìnrin yìí sọ, kò rí ẹyọ kan. Túntún. Ọ̀rọ̀ náà pé, ohùn rẹ̀ pé, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà lórí títì níwájú rẹ̀, ó nà gbalaja. Ìyá Onítáyà ní kó má ṣèyọnu, kó gbé e wá, wọ́n á tún un tún. Ó pa fóònù.

Ìyàwó Bàbá Alámì ló wá sọ̀rọ̀. Kò sí píìnì lẹ́nu rẹ̀, kò sì gbójú sókè.

"Ọkọ ọmọ wa náà sọ tiẹ̀ fún yín lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ju ìbẹ́ táyà lọ. Ó fẹ́ sọ pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Ó rí ọkùnrin náà bó ṣe dúró láàárín ẹbí lọ́jọ́ náà, tí òógùn ń bọ́ sí kọ́là rẹ̀, tó ń sọ òtítọ́ tó ga jù lọ nínú ayé rẹ̀ lóhùn tó wọ́. Ojú tì í níwájú koríko.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló wá gbé wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló wà, àkàbà wà lórí rẹ̀, wáyà iná sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kí wọn, ó gba àpò lọ́wọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀, ó yẹ ara àwọn méjèèjì wò bóyá wọ́n farapa. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn fún Bàbá Alámì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wọ ọkọ mi."

Ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin gíga báyìí, ó ní kí àna òun wọ ọkọ òun. Lórí rádíò, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọ̀rọ̀ yìí ìbá fi dá àwọn ènìyàn lára yá? Ẹnu Bàbá Alámì ti là fúnra rẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó pa ẹnu náà dé, ó sì wọ ọkọ̀.

Ilé náà kò tóbi, àmọ́ ó mọ́ nigín. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ wà ńbẹ̀, ó wá tọ́jú ìyá ìkókó; obìnrin tínínrín ni, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn, ẹ̀rín nìkan ló ń fi kí ènìyàn. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó wo bàbá rẹ̀, tí eruku bo irun rẹ̀, tí ẹ̀wù rẹ̀ ti ya lápá. Gbólóhùn tí Bàbá Alámì ti tún ṣe láti ilé wá fò lọ pátápátá. Ó na ọwọ́ méjèèjì lásán, ọmọ rẹ̀ sì gbé ìkókó náà lé e.

Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Èdè ilé baba rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, ìró kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun wá, tí kò sí nínú tiwa rárá. Ọkọ ọmọ rẹ̀ pè é fún un. Bàbá Alámì tún ọ̀fun ṣe, ó gbé ọmọ náà sún mọ́ ojú rẹ̀, ó sì pe orúkọ náà pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka ìròyìn.

Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ fi etí gèlè bo ẹnu. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó ń wo fáànù. Bàbá Alámì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òun ti ṣì í pè, torí ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ mú aṣìpè mọ bí ojú àwọn tó ń gbọ́ ọ ṣe máa ń rí.

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" ó bi ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó tún un pè. Ti àkọ́kọ́ sàn jù ú lọ. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ sá lọ sí ilé ìdáná, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọ ìyá. Ó wá yé Bàbá Alámì pé ohun tí òun ń pè yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn nínú èdè wọn. Ó lè jẹ́ ìkòkò, ó lè jẹ́ ewúrẹ́, ohun tó dájú ni pé kì í ṣe orúkọ ọmọ.

"Ẹ bá mi tún un ṣe," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ máa ṣi orúkọ ọmọ mi pè."

Ọkọ ọmọ rẹ̀ wò ó. Bó bá fẹ́ gbẹ̀san, ẹ̀san ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹbí tó máa rẹ́rìn-ín sì wà nítòsí. Ó fa aga kan wá fún Bàbá Alámì, ó ní kó jókòó.

"Ó ti gbọ́ yín, Bàbá," ó ní. "Ẹ wò ó, ó ń wò yín."

Òótọ́ ni, ọmọ náà la ojú kalẹ̀, ó ń wò ó. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn, méjèèjì dà pọ̀ láyà rẹ̀ débi pé kò mọ èyí tó ń pa òun lẹ́kún. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró kí ẹnìkan dá òun lẹ́kun. Wọ́n jẹ́ kó máa pè é lọ.